Gìtá Tí Wọ́n Yí Okùn Rẹ̀ Pa Dà

Winnipeg, Kánádà
9 Okúdù, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmúmọ́ra àìsí iná. Mo mọ̀ pé inú yín ò tíì rọ̀ sí mi láti ọjọ́ tí mo gbé ohùn sókè sí yín lórí fóònù. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa kọ̀wé láti ìsinsìnyí lọ, pé ẹni tó bá ń kọ̀wé máa ń ráyè pa ọ̀rọ̀ kòbákùngbé rẹ́ kó tó jáde. Mo ti gbọ́. Èyí tí ẹ ń kà yìí, mo ti pa púpọ̀ rẹ́ nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìṣọ́raolúwa náà ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Challenge, tí ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ká kò tí kò nà mọ́. Bí mo bá pè é, "mo wà dáadáa" ni, ó tán. Ọmọ tó ń ta gìtá fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti wà ní girama, ẹ ní kì í jáde mọ́, kì í lọ sí kíláàsì, inú yàrá ló ń wà. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Àbúrò kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Mo ra gìtá oníná kan lọ́wọ́ arákùnrin kan tó ń kó kúrò ládùúgbò wa. Kò wọ́n rárá, gìtá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, ó sì ti họ lára. Ṣùgbọ́n mo ti tún un ṣe. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ okùn lọ́rùn gìtá, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ta á. Mo ti yí èyí pa dà fún Ìṣọ́ra. Ọ̀tún tó pé ni yóò fi máa tẹ okùn, òsì yóò kàn máa di píìkì tí wọ́n fi ń ta okùn mú, ìyẹn ò sì gbà ju àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lọ. Mo tú gbogbo okùn rẹ̀, mo tún wọn tò ní òdìkejì. Ibi tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn rẹ̀, ike ni wọ́n fi sí i tẹ́lẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi eegun màlúù gbẹ́ òmíì, èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí èkejì tó bọ́ sí i. Mo fi fáìlì ha ẹnu àwọn irin ọrùn rẹ̀ kí wọ́n má baà gé e lọ́wọ́. Mo gbé ìṣó tí wọ́n ń fi okùn èjìká kọ́ lọ sí apá kejì. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ yàrá mi ti fi igi gbá àjà ilé rẹ̀ sí mi torí ariwo.

Ọ̀ṣuntóyìn, ọmọ Onírèké tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ń bọ̀ nílé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Yóò gbé e wá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi lé Ìṣọ́ra lọ́wọ́, ẹ má sọ nǹkan kan.

Èmi ọmọ yín,
Dàmọ́lá


Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn
23 Okúdù, 2024

Dàmọ́lá ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé o ń jẹun? Fọ́tò tí o fi sórí wásáàpù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn rẹ ti gùn jù. Olúwa tó mú ọ lọ ni yóò mú ọ bọ̀. Orí ìwé ni mo kọ èyí sí, mo wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí ojú mi ò gbé títẹ fóònù mọ́.

Mo ti dárí jì ọ́. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, kí ni mo fẹ́ ṣe? Gìtá, o ṣeun. Ṣùgbọ́n èyí tí o yí pa dà yẹn, mi ò fẹ́ ẹ. Ṣé o ti gbàgbé inú ilé tí wọ́n bí ọ sí ni? Ilé aládùúrà ni. Lẹ́yìn Àjíǹde, Ìyá Àdúrà rí ìran nípa àbúrò rẹ níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n rí i lórí àga níwájú pẹpẹ, ó ń ta gìtá, ìmọ́lẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbààwẹ̀, tí mo ń fi òróró ra ìka yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìwọ wá jókòó sí Kánádà, ò ń gbẹ́ eegun màlúù láti fi sọ fún Ọlọ́run pé a ò dúró dè é mọ́. Ẹni tó ń retí kí ọmọ òun rìn kì í lọ ra kẹ̀kẹ́ arọ.

O sì mọ̀ pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà rí. Iwájú pẹpẹ ni o wá fẹ́ kó ti máa fi òsì yin Ọlọ́run. Ó kù díẹ̀ káàtó, Dàmọ́lá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Dókítà tó sọ pé iṣan ìka náà ti já, pé ó ti pẹ́ jù, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Oògùn tí mo fi ń pa orúnkún ti tán. Fi sọ́wọ́ ọmọbìnrin Onírèké yẹn bó bá ń bọ̀.

Èmi tí mo bí ọ,
Màmá rẹ


Winnipeg
7 Agẹmọ, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ àdúrà. Oògùn orúnkún ti wà lọ́wọ́ Ọ̀ṣuntóyìn, gìtá náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fi aṣọ wé e, mi ò lè gbà á pa dà mọ́.

Mi ò bá ìran jà. Ìyá Àdúrà rí i pé Ìṣọ́ra ń ta gìtá. Ṣé wọ́n sọ ọwọ́ tó fi ń ta á? Bí Ọlọ́run bá wo ìka náà sàn lọ́la, kí lẹ rò pé yóò ṣòro nínú kí á tún okùn tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kó máa ta á ná, kí ìwòsàn bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Màmá, ẹ má rò pé eré ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí ti gìtá yẹn, tí n óò máa fi ọwọ́ pa irin ọrùn rẹ̀ bóyá ó ṣì ń gé èèyàn. Èmi tí mi ò lè ta orin kan já. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe fún un láti ibí nìyẹn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi.

Dàmọ́lá


Ẹlẹ́yẹlé
25 Ògún, 2024

Ọmọ mi Dàmọ́lá,

Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ọ̀ṣuntóyìn dé, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa kí ó tó gbé ẹrù kalẹ̀. Oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìran, má sọ ọ́ di ẹjọ́ lọ́yà. Mo mọ ohun tí Ọlọ́run bá mi sọ. Kí Ìṣọ́ra tó rí gìtá náà ni mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Ahmed tó ń tún gìtá àti ampílífáyà ṣe ní Dùgbẹ̀. Mo ní kó tún okùn rẹ̀ tò bí gìtá ọmọlúàbí. Ó wò ó títí, ó ní ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ṣe é ni, ṣé ó dá mi lójú ṣá. Mo ní iṣẹ́ ni mo gbé wá, mi ò ní kó yẹ̀ mí wò. Ó tú u, ó tún un tò.

Tẹ́tí gbọ́ ohun tí Olúwa ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí mo bá ti gbàdúrà sí ọwọ́ rẹ̀ tán, àbúrò rẹ á gbé gìtá lé ẹsẹ̀, á máa fi ìka yẹn tẹ okùn. Kò wù ú lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́, òkú ni. Ó wá di ọjọ́ kan, ó pè mí wọ yàrá, ó ní, "Màmá, ó ti ń nà." Mo wò ó, mo rí i. Ìka tó ká kò gbé orí sókè. Dàmọ́lá, mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi sáré wọlé.

Mo ti jẹ́rìí níwájú ìjọ lónìí. Òun ni wọ́n ní kó ta gìtá sí orin ìdúpẹ́ nígbà Ìkórè, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Bélú. Mo fẹ́ rán sùtánà tuntun fún un. Bá wa yọ̀, kí o sì ronú pìwà dà.

Màmá rẹ


Winnipeg
26 Ògún, 2024

Màmá,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò lè kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ fún ẹlòmíì kó tú u. Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí mo ṣe é fún rí i. Iṣan tó ti já, dókítà méjì ló wò ó, ẹ̀yin náà jókòó níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Kí ló wá ń nà? Ẹ̀rí kí lẹ jẹ́? Ẹ ti dájọ́ fún ọmọ náà níwájú gbogbo ìjọ, bí ọjọ́ bá pé tí kò lè ta á ńkọ́? Ta ni ojú máa tì?

Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹ̀rí yẹn ló jẹ yín lógún, pé Ìṣọ́ra gan-an ò jẹ yín lógún. Mo fẹ́ pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Mi ò pa á rẹ́.

Dàmọ́lá


Winnipeg
6 Ọ̀wàrà, 2024

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò fèsì. Mo pè, ẹ ò gbé e. Mo fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ kò sọ pé ẹ rí i. Ìṣọ́ra náà ò gbé fóònù mi. Ọ̀ṣuntóyìn ní òun rí yín ní Bódìjà, pé ara yín le, pé ẹ ní kí òun kí mi. Ṣé ẹnu àlejò ni n óò ti máa gbọ́ pé ìyá mi kí mi?

Ẹ bá mi wí, ẹ gbá mi létí látọ̀hún bó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ jù. Mo bẹ̀ yín.

Dàmọ́lá yín


Ẹlẹ́yẹlé
20 Ọ̀wàrà, 2024

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò gbé ìpè yín. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo ìgbà, bí mo bá sì gbọ́ ohùn yín, mi ò ní lè parọ́ fún yín.

Kò nà. Irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ tí mo pè wọ́n yẹn, mo ti fi ọwọ́ ọ̀tún fa àwọn ìka náà kí wọ́n tó wọlé, mo wá tẹ ọrùn ọwọ́ mi wálẹ̀. Bí mo bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ìka á dà bíi pé ó gbé orí díẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n jẹun lọ́jọ́ yẹn ni, ààwẹ̀ ti fẹ́ pa wọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe bú sí orin. Bọ̀ọ̀dá, láti ìgbà tí a ti sin Dádì, mi ò gbọ́ kí Màmá kọrin nílé. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè sọ pé irọ́ ni mo pa. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, bí mo bá ń rìn lọ ní Ẹlẹ́yẹlé, àwọn ìyá ìjọ á dì mọ́ mi, wọ́n á ní kí n fi ọwọ́ náà lé ọmọ àwọn lórí.

Nǹkan kan tún wà. Mo rí ihò ìṣó ní apá kejì gìtá yìí, mo wá bi Ahmed ní Dùgbẹ̀. Òun ló sọ fún mi bí ẹ ṣe ṣe é. Mi ò mọ̀ rí pé èmi lẹ yí i fún. Ẹ ṣeun. Mo sunkún lójú ọ̀nà.

Ẹ má sọ fún Màmá. Mo bẹ Ọlọ́run, ẹ má sọ.

Ìṣọ́ra


Winnipeg
21 Ọ̀wàrà, 2024

Ìṣọ́ra,

Mo ka ìwé rẹ níbi iṣẹ́, mo ní láti lọ dúró sínú yìnyín níta kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Sọ fún wọn. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́, ìka tìẹ ni, ẹnu tìẹ ló sì yẹ kó ti jáde. Èmi náà ti fi ẹnu tèmi ba nǹkan jẹ́ tó. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó di ọjọ́ Ìkórè. Màmá á bínú, wọ́n á sunkún, wọ́n á sì wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá o máa lè gbà á mọ́ra, bó bá jẹ́ iwájú ìjọ ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ẹlẹ́yẹlé
19 Bélú, 2024

Dàmọ́lá,

Mo kí ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti kí ọ gbẹ̀yìn, mo mọ̀. Ìwé tí o kọ ní oṣù Ògún dùn mí dé eegun, mo ní kí n jẹ́ kó o mọ̀ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe rí. O ti mọ̀ ọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Àbúrò rẹ ò sọ nǹkan kan fún mi. Ó wọ sùtánà tuntun, a jọ rìn lọ, mò ń yangàn lójú ọ̀nà. Wọ́n pè é síwájú, ó jókòó, àwọn akọrin gbé orin. Ó tẹ okùn. Ohun tó jáde, Dàmọ́lá, kí á má ṣe é ní ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ láti kì í láyà, wọ́n ń kígbe halelúyà. Èmi ni mo kígbe jù. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ọwọ́ òsì sókè kí gbogbo ìjọ rí i, ó ní, "Ẹ má bínú. Kò nà. Mo parọ́ fún Màmá mi." Ó fi gìtá sórí àga, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde láìwọ bàtà.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ìyá Àdúrà wá dì mí mú, mo ti ọwọ́ wọn dànù. Mo bínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo bínú sí i pé ó dójú tì mí. Nígbà tí mo pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ káàkiri, tí mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ Suhail, ọ̀kan nínú wọn, ló wà ní Agbowó, tí àbúrò rẹ sì jẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù pé ìwọ mọ̀, mo bínú sí ìwọ náà. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì ti fi mí ṣe eré ọmọdé. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Àwọn akọrin gbé gìtá náà wá fún mi. Mo fi sílẹ̀ nínú pálọ̀, mi ò fẹ́ wò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ń gbálẹ̀, mo gbé e kúrò lọ́nà, mo wá rí ọrùn rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lórí pákó náà, lábẹ́ okùn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà tí n óò máa sọ pé, "Tún un tẹ̀, ọmọ mi, tún un tẹ̀."

Mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Dùgbẹ̀. Ahmed rí mi, ó ní, "Ìyá, ṣé ó tún bàjẹ́ ni?" Mo ní rárá. Ó ní kí ni kí òun ṣe sí i. Mo fẹ́ sọ pé kó yí okùn, ẹ̀jẹ̀ orí pákó ni mo fi hàn án. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Ọmọ mi ni yóò máa fi òsì ta á. Ìka rẹ̀ kò ní nà mọ́."

Mi ò sọ ọ́ rí. Mi ò sọ ọ́ fún dókítà, mi ò sọ ọ́ nínú àdúrà, mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ nínú ọkàn mi. Ahmed wá àpótí fún mi, mo jókòó. Mo sunkún níbẹ̀ láàárín ọjà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó yí okùn náà níṣojú mi, ṣùgbọ́n eegun tí o gbẹ́ yẹn, ó ní òun ti sọ ọ́ nù. Ike ló tún fi sí i. Má bínú.

Láti ibẹ̀ mo kọjá sí Agbowó. Suhail ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ àlùfáà ni, ó kí mi dáadáa, ó sì bá ẹ̀yìn jáde. Ìṣọ́ra wà lórí ibùsùn, ó ti rù. Kò dìde. Mo gbé gìtá náà fún un, ó gbà á, ó wo ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ ka àwọn okùn láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n yí i?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Ẹ ti gbà, Màmá?"

Mo ní, "Mo ti gbà."

Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kò tíì bá mi délé o, Dàmọ́lá. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀. Mi ò jiyàn. Èmi nìkan ni mo wà nílé bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì mọ ohun tí n óò sọ fún Ọlọ́run bí mo bá débẹ̀.

Pè mí. Ìwé ti tó. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o máa gbé e sókè.

Màmá rẹ